Àyẹ̀wò Wikipedia Yorùbá fún ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara: àǹfààní wà níbẹ̀, ọwọ́ ni kò pọ̀

Ẹni tó bá tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ sórí fóònù lónìí, Ọ̀fà ni o, Òmù-Àrán ni o, Àjàṣẹ́-Ìpo ni o, ojú-ìwé Wikipedia máa ń wà lára ohun tó máa kọ́kọ́ yọjú. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á. Àwọn tó mọ̀ pé ẹni tó ń kà á lè wọlé tún un ṣe ò pọ̀, àwọn tó sì mọ̀ pé ti èdè Yorùbá dá dúró lọ́tọ̀, ní yo.wikipedia.org, tún kéré sí ìyẹn. Òun la gbé sórí òṣùwọ̀n níbí, lójú ẹni tó fẹ́ kọ nípa Ìlọrin tàbí ìlú kan ní Gúúsù Kwara. Gbogbo ẹni tó ń polówó irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yìí ló máa ń pa òwe àgbájọ ọwọ́. A ò ní í pa á, torí ìṣòro Wikipedia Yorùbá gan-an ni pé ọwọ́ tó wà níbẹ̀ ò tíì tó èyí tí wọ́n fi ń sọ̀yà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2001 ni Wikipedia bẹ̀rẹ̀; Jimmy Wales àti Larry Sanger ló dá a sílẹ̀. Wikimedia Foundation, àjọ tí kì í jẹ èrè, tí oríkò rẹ̀ wà ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, ló ń bójú tó ẹ̀rọ àti owó rẹ̀. Ọrẹ àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé e dúró, ìpolówó ọjà ò sí lójú-ìwé rẹ̀. Àjọ yẹn kì í kọ àyọkà, àwọn tó ń kọ ọ́ náà kì í sì í gba owó oṣù. Ti Gẹ̀ẹ́sì ti ní ju mílíọ̀nù 6 àyọkà lọ, ti Yorùbá ju 30,000 lọ. Iye yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kò sọ bí àyọkà ṣe dára tó. Ohun tó ń sọ ìyẹn ni iye ènìyàn tó ń padà wá wo àyọkà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ tán.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù

Wikipedia kì í gbàgbé. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá fi àtúnṣe pamọ́, ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ oníṣe, ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ lè gbé ẹ̀dà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ àti èyí tí wọ́n fi kún un. Bí ẹnì kan bá wọlé lóru tó pa gbogbo ìpín tó sọ nípa oyè ìlú rẹ́, ẹni tó bá rí i láàárọ̀ á dá a padà láìtún kọ lẹ́tà kan. Ìwé ìtàn ìlú tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tẹ̀ ò ní àǹfààní yìí: àṣìṣe tó bá ti wọ inú rẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún un tẹ̀, owó àtúntẹ̀ sì lè má jáde láéláé.

Ojú-ìwé ìjíròrò wà fún àyọkà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹ ti ń bi ẹni tó kọ nǹkan léèrè ibi tó ti rí i, kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ fi àmì ~~~~ parí ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di orúkọ yín àti àkókò. Ọ̀pọ̀ tuntun kì í lo ojú-ìwé yìí rárá. Wọ́n á pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́, ẹlòmíràn á dá a padà, àwọn náà á tún pa á rẹ́. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá dá àtúnṣe padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24 lórí ojú-ìwé kan ti ń tọrọ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó lè ṣiṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ojú-ìwé náà. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ aṣọ́nà wà tó ń yọ èébú àti ìranù kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wo ohun tí ẹ̀rọ ò rí. Lórí ti Yorùbá, àyọkà nípa ìlú kékeré kan ní Ìsin tàbí Òkè-Ẹ̀rọ̀ lè má wà lójú ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe tó bá wọ ibẹ̀ á jókòó, á di onílé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tẹ àmì ìràwọ̀ tó wà lókè àyọkà ìlú yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo àtúnṣe tó bá wọ àyọkà náà á máa hàn nínú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ń ṣọ́, ẹ sì lè ní kó máa fi ímeèlì ránṣẹ́. Bí ìlú kan bá ní ọmọ márùn-ún péré tó tẹ ìràwọ̀ yẹn, ojú-ìwé ìlú náà ti ní olùṣọ́ ju ọ̀pọ̀ lọ.

Nọ́ńbà kan tó ń rìn kiri

Ẹ wo iye olùgbé Ìlọrin. 777,667 ni wọ́n máa ń gbé kiri. Níbo ló ti wá? Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin ní 364,666, Gúúsù Ìlọrin ní 208,691, Ìlà-Oòrùn Ìlọrin ní 204,310. Ẹ ró wọn pọ̀, 777,667 náà ló jáde. Iye ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni, pẹ̀lú àwọn abúlé tó wà nínú wọn, lọ́dún 2006. Àyọkà tó bá wá kọ ọ́ pé iye olùgbé ìlú Ìlọrin jẹ́ 777,667, tí kò sọ ọdún, tí kò sọ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, ti fi nọ́ńbà tó tọ́ sọ ohun tí kò tọ́.

Báyìí ni irú rẹ̀ ṣe ń gbilẹ̀: ẹni àkọ́kọ́ á kọ ọ́ láìfi ọdún sí i, ẹni kejì á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, oníròyìn tó ń sáré á mú un látibẹ̀, ẹni kẹta á wá fi ìwé ìròyìn yẹn ṣe ìtọ́kasí lórí Wikipedia. Ọ̀rọ̀ ti yí po, ó ti ní ẹ̀rí, ẹ̀rí ọ̀hún sì jẹ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ àti ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ (AI) tó ń fi Wikipedia kọ́ Yorùbá náà á gbé e lọ síwájú. Ìwòsàn rẹ̀ ò le: lẹ́yìn gbogbo nọ́ńbà, ẹ kọ ọdún àti àgbègbè tí wọ́n kà, kí ẹ sì tọ́ka sí àkọsílẹ̀ ìkànìyàn fúnra rẹ̀.

Orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Gúúsù Kwara ní 7 nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà: Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀fà, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ọ̀yún. Ìfẹ́lódùn àti Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Èkìtì ti Kwara sì tún ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú odindi ìpínlẹ̀. Líǹkì tí ẹ bá kọ ní [[Ìrẹ́pọ̀dùn]] lásán lè gbé ẹni tó ń wá Òmù-Àrán dé Ọ̀ṣun. Ẹ máa fi orúkọ ìpínlẹ̀ kún un, bíi [[Ìrẹ́pọ̀dùn, Kwara]], kí ẹ sì tẹ líǹkì náà wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àmì ohùn àti ohun tí ẹ̀rọ ń rí

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ àyọkà kan di mẹ́ta. Ẹnì kan kọ Ilorin, ẹnì kan kọ Ìlọrin, ẹnì kan lo kíbọọ̀dù tó ń fi ìlà kékeré sí abẹ́ o dípò àmì tó dà bí ẹyọ ọkà. Lójú wa, méjì tó kẹ́yìn jọra. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá fi ọ̀kan wá nǹkan lè má rí èkejì. Kíbọọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Gboard, àpù kíbọọ̀dù ti Google, ń fi àmì ẹyọ sí i, òun ló sì yẹ kí gbogbo wa máa lò. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ àti ohùn lókè, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan nínú ètò lẹ́tà Unicode. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni ẹ̀rọ ń so pọ̀. Ìdí nìyẹn tí títẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan fi máa ń yọ ohùn nìkan kúrò, tí lẹ́tà á ṣì kù, tí àwọn fóònù kan sì máa ń gbé ohùn náà jìnnà sórí lẹ́tà kejì.

Kí ẹ tó dá àyọkà sílẹ̀, ẹ fi gbogbo ìkọ̀wé yẹn wá a: pẹ̀lú àmì, láìsí àmì, pẹ̀lú hífénì, láìsí hífénì. Bí ẹ bá rí i pé kò sí, ẹ dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àmì pípé, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ojú-ìwé kan fún Offa, kí ẹ sì kọ #REDIRECT [[Ọ̀fà]] sínú rẹ̀, kó máa darí ènìyàn síbi tó yẹ. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì wúlò ju ọ̀pọ̀ àyọkà aláìnílàárí lọ.

Bí a ṣe ń wọlé, àti ibi tó ti máa ń já

Ẹ ṣí àkáǹtì ṣáájú ohun gbogbo. Orúkọ oníṣe kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́. Ẹnì kan, àkáǹtì kan. VPN kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe àtúnṣe, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín nígbà tí ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, ẹ má bínú: ọ̀pọ̀ oníbàárà ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń gba àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan náà jáde, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan sì lè kan gbogbo wọn. Ẹ gbìyànjú láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí àwọn alámòójútó.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ènìyàn jọ sínú gbọ̀ngàn kan ní Tanke tàbí Ọ̀fà láti kọ́ wọn, kó kọ èyí sílẹ̀: àkáǹtì 6 péré ni àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan lè ṣí lóòjọ́. Bí ènìyàn 30 bá wà lórí Wi-Fi kan, ẹni keje á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àṣìṣe, àárọ̀ á sì ti lọ. Ẹ ní kí oníkálukú ṣí tirẹ̀ nílé pẹ̀lú dátà ara rẹ̀, tàbí kí ẹ tọrọ ìyọ̀ǹda ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹ kọ àyọkà àkọ́kọ́ sí ojú-ìwé ìdánwò tó wà lábẹ́ orúkọ yín, kì í ṣe sí gbangba. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìlú náà jẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ àti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Oríkì kò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn gbólóhùn tó bá ní ọjọ́, nọ́ńbà tàbí ẹjọ́ nínú, ẹ fi ìtọ́kasí sí i. Nínú àtúnṣe onífojúrí (visual editor), ẹ lẹ líǹkì ìwé ìròyìn mọ́ ibi ìtọ́kasí, ẹ̀rọ á fa àkọlé àti ọjọ́ jáde fúnra rẹ̀. Ẹ ṣàyẹ̀wò ohun tó fà jáde, torí ó máa ń ṣi orúkọ òǹkọ̀wé kọ. Ìsàlẹ̀ ni Ẹ̀ka ń wà, bíi [[Ẹ̀ka:Àwọn ìlú ní Ìpínlẹ̀ Kwara]]. Ẹ wo ẹ̀ka tí àwọn àyọkà ìlú mìíràn ti ń lò kí ẹ má lọ dá tuntun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so ó mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ Wikidata, ibi tí wọ́n ti ń so àyọkà oríṣiríṣi èdè pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì ò ní í mọ̀ pé ti Yorùbá wà.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á já, iná á lọ. Ẹ máa kọ̀wé sínú àkọsílẹ̀ fóònù kí ẹ tó dà á sórí Wikipedia, kí ẹ sì máa ṣàtúnṣe ìpín kan lẹ́ẹ̀kan dípò odindi àyọkà. Bí ènìyàn méjì bá ṣí àyọkà kan pa pọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ sì fi tirẹ̀ pamọ́, ẹ̀rọ á sọ fún ẹni kejì pé àtúnṣe ti forí gbárí. Ẹni tó ti kọ fún wákàtí kan láìfi pamọ́ ló máa jìyà rẹ̀ jù.

Ìtàn ẹnu: ibi tó nira jù

Ojú ibí yìí ni àwọn àgbà ìlú ti máa ń bínú sí Wikipedia, ìbínú wọn sì ní ìdí. Òfin rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ ti jáde níbi tí ẹlòmíràn lè lọ yẹ̀ wò. Baálé tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún lè ka ìran ọba mẹ́wàá láìkọsẹ̀. Bí kò bá sí nínú ìwé, kò lè dúró. Ìlú Ẹ̀sìẹ́ ní Ìrẹ́pọ̀dùn rọrùn láti kọ torí wọ́n ti kọ̀wé nípa ère òkúta ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: H. G. Ramshaw, òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọ kan, ló mú ìròyìn wọn jáde lọ́dún 1933, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí síbẹ̀ lọ́dún 1945 sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ìlú Ìgbómìnà tó yí i ká ní ìtàn tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ló wà. Àyọkà tiwọn á wá rí gbólóhùn méjì péré.

Ọ̀nà wà, ó kàn gùn ni. Ìwé tí ilé ìtẹ̀wé gidi tẹ̀, ìwé ìròyìn, àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà, ìwé ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìlọrin, gbogbo wọn ló ṣe é tọ́ka sí. Ìwé ayẹyẹ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tẹ̀ fún ọjọ́ ìlú lè gbe ọ̀rọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn, bí ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kò lè gbe ọ̀rọ̀ pé ta ló kọ́kọ́ tẹ ìlú dó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fúnra yín kọ sórí Facebook kò lè gbe nǹkan kan.

Ẹ lè gba ohùn akéwì tàbí onírárà sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹ gbé e sí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ń kó fọ́tò, ohùn àti fídíò sí, kí ẹ sì fi sínú àyọkà kí ènìyàn gbọ́. Ìyẹn jẹ́ àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ fi ń kùnà níbí ni irú fáìlì: m4a tí ọ̀pọ̀ fóònù ń gba ohùn sí kì í wọlé, MP4 ti fídíò náà kì í wọlé. Ẹ yí ohùn padà sí ogg, fídíò sí WebM, kí ẹ tó gbìyànjú.

Ìlọrin ní àríyànjiyàn tirẹ̀ lórí èyí. Oríkì sọ pé ìlú tóbi tó báyìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Ó dára láti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oríkì. Ẹni tó bá fi ṣe ẹ̀rí pé eégún ò jáde rí ní Ìlọrin ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Bákan náà ni ti Àfọ̀njá àti Ṣéù Àlímì. Ẹni tó kọ ọ́ láti ojú kan á pe èkejì ní àlejò, ẹni kejì á pe ti àkọ́kọ́ ní ọlọ̀tẹ̀. Ohun tí Wikipedia fẹ́ ni kí ẹ kọ ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan sọ, kí ẹ dárúkọ ìwé náà, kí ẹ má sì fi ohùn tiyín dá ẹjọ́. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ tààrà: Àlímì fúnra rẹ̀ kò jẹ oyè Ẹ́míà, ọmọ rẹ̀ Abdulsalami ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Láàárín àríyànjiyàn báyìí, àjùmọ̀kọ máa ń so èso rere bí ojú-ìwé ìjíròrò bá gbóná tí àyọkà sì tutù. Ìdàkejì rẹ̀ la máa ń rí jù.

Ọ̀wọ̀ náà ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a máa kọ "wọ́n" fún ọba, àwọn kan ní "ó" ni ti ìwé ìmọ̀. Lójú tiwa, ẹ dárúkọ oyè pípé lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì lo "ó" fún gbogbo ènìyàn lẹ́yìn náà. Àyọkà tó bá ń pe ọba kan ní "wọ́n", tó wá ń pe ti ìlú kejì ní "ó", ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ àti ìdíje

Ohun èlò ìtumọ̀ tó wà nínú Wikipedia ń gbé àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan, Yorùbá tí ẹ̀rọ túmọ̀ sí apá kejì. Ó ń gba àkókò là, pàápàá lórí tábìlì àti ìtọ́kasí, tó ń kó wọlé fúnra rẹ̀. Òun náà ló sì ń fa Yorùbá tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Etí odò á di ilé ìfowópamọ́, àmì ohùn á dà rú, gbólóhùn á gùn bí ọ̀nà Kàyámà. Ẹ̀rọ máa ń kìlọ̀ bí ẹ kò bá tún un ṣe tó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí i ká á kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ ka ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè; bí ẹnu bá kọ ọ́, ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdíje ló ń mú un burú sí i. Níbi tí wọ́n bá ti ń fún ẹni tó kọ àyọkà púpọ̀ jù ní ẹ̀bùn, àyọkà á pọ̀, olùṣọ́ ò ní í pọ̀, ẹ̀bùn á sì tán. Ìdíje tó bá ń san ẹ̀bùn fún títún àyọkà tó ti wà ṣe, tàbí fún ìtọ́kasí tí wọ́n fi kún un, ló yẹ ká máa bẹ̀bẹ̀ fún.

Fọ́tò àti ìwé àṣẹ

Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ ń jáde lábẹ́ ìwé àṣẹ CC BY-SA 4.0. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, títí kan ẹni tó fẹ́ tà á, bí ó bá ti dárúkọ yín tó sì fi ìwé àṣẹ kan náà sí tirẹ̀. Ẹ ò lè gbà á padà. Ẹ lè bá fọ́tò àwọn amọ̀kòkò Òkè-Lélé tí ẹ yà lórí kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn, onítọ̀hún ò sì ní í san kọ́bọ̀. Ẹni tí èyí bá dùn, kó má gbé e síbẹ̀. Fọ́tò tí ẹ gbà láti WhatsApp tàbí Facebook, wọ́n á pa á rẹ́, torí kì í ṣe ti yín. Ẹ sì yọ àdírẹ́sì GPS kúrò nínú fọ́tò tí ẹ yà nínú ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé á mọ ibi tí ilé yín wà.

WhatsApp, Google Docs, OpenStreetMap

Ẹgbẹ́ WhatsApp dára fún kíkó ọ̀rọ̀ jọ, ó burú fún fífi í pamọ́. Ó gba ènìyàn 1,024. Ìṣẹ́jú 15 péré ni ẹ ní láti tún ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe àti àtúnṣe á jọ máa rìn kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Google Docs sàn ju ìyẹn lọ fún ìwé àkọ́kọ́: ó ń pa ẹ̀dà àtijọ́ mọ́, ènìyàn 100 lè jọ wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa dámọ̀ràn dípò kí wọ́n máa kọ ọ́ tààrà. Ewu rẹ̀ ni pé àkáǹtì ẹnì kan ló ni fáìlì. Google ń pa àkáǹtì tí wọn kò lò fún ọdún 2 rẹ́. Bí akọ̀wé bá lọ tí kò sẹ́ni tó mọ páásìwọ̀ọ̀dù rẹ̀, ìtàn ìlú lè bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì mìíràn ní ẹ̀dà tiwọn.

OpenStreetMap, máàpù tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, ló dára jù fún ìlú tí kò ní ìwé, torí ohun tí ojú rí nílẹ̀ ló ń gbà. Kò bèèrè ìwé ìròyìn. Bí kànga bá wà, ẹ fi kànga sí i. Bí mọ́ṣáláṣí bá wà, ẹ fi mọ́ṣáláṣí sí i. Àpù StreetComplete lórí Android á máa bi yín ní ìbéèrè kéékèèké bí ẹ ṣe ń rìn: ṣé ọ̀dà wà lójú ọ̀nà yìí, kí lorúkọ rẹ̀? Ohun tó wà lára pátákó ni ẹ máa kọ sí name, bíi Offa, kí ẹ sì kọ Ọ̀fà sí name:yo. Àwọn tuntun máa ń fún ọ̀nà oko ní ipò ọ̀nà ńlá, ọlọ́kadà á sì tẹ̀lé máàpù wọ inú ẹrẹ̀ nígbà òjò; ọ̀nà oko, highway=track ni. Ẹ má da nǹkan kọ láti inú Google Maps, ìwé àṣẹ wọn kò bára mu. Àwọn àpù bíi Organic Maps àti OsmAnd sì ń lo máàpù yìí láìsí dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀, èyí tó wúlò púpọ̀ lójú ọ̀nà Òmù-Àrán sí Ìlọ́fà níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti ń já.

Tó bá jẹ́ wákàtí kan péré lẹ ní lórí Wikipedia, ẹ má fi dá àyọkà tuntun sílẹ̀. Ẹ lọ sí ti ìlú yín, ẹ fi ọdún sí iye olùgbé, ẹ wo bóyá líǹkì ìjọba ìbílẹ̀ ń lọ síbi tó yẹ, ẹ ṣe ìdarí fún ìkọ̀wé tí kò ní àmì, kí ẹ sì tẹ ìràwọ̀ kí ẹ tó jáde. Bí wọ́n bá pa ohun tí ẹ kọ rẹ́, ẹ bèèrè ìdí lọ́wọ́ alámòójútó tó pa á: ọ̀rọ̀ náà ò tíì sọnù, ó lè dá a padà sábẹ́ orúkọ yín kí ẹ fi ìtọ́kasí tó kù kún un.